Àga Gíga Méjì àti Ìbéèrè Mẹ́ẹ̀dógún

Ariwo kì í ṣe àjèjì fún àwa tí a ń gbé ní Mile 12, ní ẹ̀bá títì Ìkòròdú. Ní òru ni àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí ó ru tòmátì, ata, àlùbọ́sà àti iṣu máa ń ti Òkè Ọya dé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn alábàárù ti ń ké kí a yàgò lọ́nà fún àwọn, àwọn ọlọ́kọ̀ ń pe èrò, jẹnẹrétọ̀ ilé kan sì ń dá ti ilé kejì lóhùn. Nítorí náà, bí a bá wí fún ẹ̀yin olùkàwé wa pé ìrọ̀lẹ́ kan wà nínú ọ̀sẹ̀, ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, tí gbogbo agboolé wa a máa pa rọ́rọ́ bí ìgbà tí òjò ńlá fẹ́ rọ̀, ẹ ó mọ̀ pé kì í ṣe ohun kékeré ni ó fà á.

Ìdíje ìbéèrè àti ìdáhùn kan lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ni. Orúkọ rẹ̀ ni Who Wants to Be a Millionaire?, èyí tí a lè pè ní èdè wa ní Ta Ni Ó Fẹ́ Di Olówó Mílíọ̀nù? Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹwàá ọdún 2004, ni a kọ́kọ́ gbé e jáde ní Nàìjíríà. Ọ̀gbẹ́ni Frank Edoho ni atọ́kùn rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Ultima ni ó ń ṣe é. MTN, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, ni onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Mílíọ̀nù márùn-ún náírà sì ni ẹ̀bùn tí ó ga jùlọ nígbà náà. Ní agboolé wa, tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo ni ó wà tí àwòrán rẹ̀ kì í gbọ̀n, tiwa sì ni. Nítorí èyí, pálọ̀ wa a máa kún. Àwọn ọmọdé a jókòó sórí ẹní, àwọn àgbà sórí àga. Ìyá Alátà, tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa, a sì gbé àpótí rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, nítorí ó ní òórùn ata tí ó wà lára aṣọ òun yóò mú àwọn ọmọ sín.

Òfin ìdíje náà kò ṣòro láti mọ̀. Àwọn olùdíje a kọ́kọ́ du ara wọn lórí ìbéèrè kan, ẹni tí ìka rẹ̀ bá sì yá jùlọ nínú àwọn tí ó gbà á ni yóò bọ́ sí orí àga gíga tí ó kọjú sí ti atọ́kùn. Ìbéèrè mẹ́ẹ̀dógún ni ó wà níwájú rẹ̀, ìdáhùn mẹ́rin ni a ó sì tò sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó mú èyí tí í ṣe òtítọ́. Bí ó bá gba èyí, owó rẹ̀ a gòkè. Bí ó bá ṣì í, a wálẹ̀. Ṣùgbọ́n orí àkàsọ̀ náà ní ibi ìsinmi méjì, lẹ́yìn ìbéèrè karùn-ún àti lẹ́yìn ìkẹwàá. Ẹni tí ó bá ti dé ibẹ̀ kò tún lè ṣubú kọjá rẹ̀. Ìrànwọ́ mẹ́ta ni a fún un, a kò sì lè lo ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì: kí a yọ ìdáhùn méjì tí kì í ṣe òtítọ́ kúrò, kí ó tẹ ọ̀rẹ́ kan láago, tàbí kí ó bi àwọn òǹwòran tí ó jókòó yí i ká.

Òfin kan tún wà tí a kò kà sí nígbà náà, tí a sì wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé òun ni ọpọlọ gbogbo rẹ̀: olùdíje a kọ́kọ́ rí ìbéèrè kí ó tó pinnu bóyá òun yóò dúró tàbí òun yóò kó owó tí ó wà lọ́wọ́ òun lọ sílé. Ní àwọn ìdíje àtijọ́ ní Amẹ́ríkà, gẹ́gẹ́ bí The $64,000 Question tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1955, ẹni náà ní láti yàn kí ó tó gbọ́ ohun tí a fẹ́ bi í. Ìyàtọ̀ ńlá ni èyí. Ẹni tí ó rí ìbéèrè, tí ó mọ̀ díẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò dá a lójú, òun ni àánú rẹ̀ máa ń ṣe ènìyàn. Gbogbo pálọ̀ a sì máa bá a làágùn.

Ìrísí ibẹ̀ náà kò jọ ti ìdíje àwọn ọmọ ilé-ìwé tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, níbi tí tábìlì méjì wà tí aṣọ funfun bò, tí agogo ọwọ́ kan sì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Inú òkùnkùn ni èyí wà. Iná aláwọ̀ búlúù a máa ti òkè wá, a ó sì yí bírí sísàlẹ̀ sórí olùdíje bí ìbéèrè ti ń le sí i. Ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Andy Walmsley, ni ó ya àwòrán ilé náà. Ó fi ilẹ̀ tí ó dán gbinrin ṣe é, ó sì fi ohun tí ń kọ mọ̀nà bíi dígí sí abẹ́ rẹ̀, ó sì tò àwọn ènìyàn yíká bí ìgbà tí a bá ń wo ìjàkadì. Orin rẹ̀, tí Keith Strachan àti ọmọ rẹ̀ Matthew kọ, a máa gòkè díẹ̀ díẹ̀ bí a ti ń ti ìbéèrè kan bọ́ sí òmíràn, tí etí ènìyàn kò fi ní mọ ohun tí ń mú àyà rẹ̀ já. Ìyá Alátà kò mọ̀ nípa orin yìí, ṣùgbọ́n òun ni ó kọ́kọ́ wí pé, “Bàbá Akọ̀wé, ilé yẹn dà bí ilé ẹjọ́ tí a dá lóru.”

Gẹ̀ẹ́sì ni a ti bí ìdíje náà. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta, David Briggs, Steve Knight àti Mike Whitehill, ni ó ro ó; Cash Mountain, Òkè Owó, ni wọ́n fẹ́ pè é tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ọdún 1998 ni ó jáde lórí ITV, Chris Tarrant sì ni atọ́kùn. Láàárín ọdún díẹ̀ ó ti tan dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ káàkiri ayé. A fi ìrísí kan náà, orin kan náà àti àga kan náà ránṣẹ́ sí ibi gbogbo, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi ẹ̀rọ tí a ti tò pọ̀ ránṣẹ́ nínú àpótí. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ wa, owó àti atọ́kùn àti ìbéèrè ni a fi ti wa rọ́pò.

Àríyànjiyàn kò pẹ́ kí ó tó wọ ilé. Àgbà kan nínú ìjọ wa bi wá léèrè ní gbangba bóyá ó tọ́ kí akọ́ni nínú ìjọ máa pe àwọn ọmọ jọ láti wo tẹ́tẹ́. A dá a lóhùn pé tẹ́tẹ́ ni kí ènìyàn fi owó tirẹ̀ sílẹ̀ kí ó lè gba ti ẹlòmíràn. Ẹni tí ó jókòó sórí àga yìí kò fi nǹkan kan sílẹ̀ bí kò ṣe ohun tí ó mọ̀. Inú wa dùn sí ìdáhùn wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wádìí síwájú, a rí i pé ní Gẹ̀ẹ́sì, láti ìbẹ̀rẹ̀, ìlà tẹlifóònù tí owó rẹ̀ ga ju ti ìpè lásán lọ ni àwọn ènìyàn fi ń béèrè fún ààyè, owó àwọn tí a kò mú sì wà lára ohun tí a fi ń san ẹ̀bùn. Nígbà náà ni a mọ̀ pé ìbéèrè àgbà náà kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀. Àga nìkan ni a wò, a kò wo ẹnu ọ̀nà. A lọ bá a nílé, a sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó bi wá pé, “Ṣé ìdáhùn ìkẹyìn nìyẹn?” Láṣé òun náà ti ń wò ó.

Gbólóhùn yìí, tí atọ́kùn máa ń fi gbogbo ọkàn bèèrè kí ó tó ti ìdáhùn pa, di ohun tí gbogbo agboolé ń sọ. Bí ọmọdé bá ní òun kò jẹ ẹ̀wà, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a bi í bóyá ìdáhùn ìkẹyìn nìyẹn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú wa nígbà náà, ọmọ Ìyá Alátà, tí ó ń ka ìwé ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ó pinnu pé òun yóò gbìyànjú láti dé orí àga náà. Ó wá bá wa ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Bàbá, bí wọ́n bá mú mi, ẹ̀yin ni mo fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ láago.” A kò lè ṣàpèjúwe bí ọ̀rọ̀ yìí ti rí lára wa. Láti ìgbà náà ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí ka ìwé ìròyìn láti ojú ewé kìíní dé ojú ewé ìkẹyìn, títí kan eré bọ́ọ̀lù tí a kò fẹ́ràn. A há orúkọ àwọn olú ìlú gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà sórí. A kò sì jẹ́ kí fóònù wa kú. Ọdún méjì ni a fi bẹ́ẹ̀ dúró. Ààyè kò kàn án. Ó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ó rí iṣẹ́, ó sì gbàgbé. Àwa ni a kò tètè gbàgbé.

Ìrànwọ́ orí tẹlifóònù yìí kan náà ni ayé kọ́kọ́ bàjẹ́. Nígbà tí a dá a sílẹ̀ ní ọdún 1998, ọ̀rẹ́ tí a tẹ̀ láago ní orí rẹ̀ àti ìwé tí ó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ààbọ̀ ìṣẹ́jú kò sì tó láti ṣí ìwé. Kò pẹ́ tí ilé gbogbo fi ní íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rẹ́ a sì máa jókòó ti kọ̀ǹpútà, a máa tẹ ìbéèrè sí inú Google bí olùdíje ti ń kà á. Ní oṣù kìíní ọdún 2010, àwọn ará Amẹ́ríkà yọ ìrànwọ́ náà kúrò pátápátá. Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì kò yọ ọ́. Nígbà tí ìdíje tiwọn padà dé ní ọdún 2018, wọ́n rán òṣìṣẹ́ kan lọ sí ilé ọ̀rẹ́ kọ̀ọ̀kan láti jókòó tì í, kí ó má bàa wo ohunkóhun. Ẹ wo ohun tí ìmọ̀ dà: a ní láti fi ẹ̀ṣọ́ ti ènìyàn kí ó lè jẹ́ pé ohun tí ó wà ní orí rẹ̀ nìkan ni yóò sọ.

Ẹ̀tàn kò ní kí ó tó di ìgbà kọ̀ǹpútà. Ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1956 sí 1958, nínú ìdíje tí a ń pè ní Twenty-One, àwọn olóòtú a máa fún ẹni tí wọ́n fẹ́ ní ìdáhùn ní ìkọ̀kọ̀. Charles Van Doren, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí gbogbo ìlú fẹ́ràn, jẹ́wọ́ níwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin ní ọdún 1959, òfin sì jáde ní ọdún 1960 tí ó sọ irú rẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀. Ti àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì pa wá lẹ́rìn-ín ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀gá ológun kan, Charles Ingram, dáhùn gbogbo ìbéèrè mẹ́ẹ̀dógún ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2001. Nígbà tí a tún gbọ́ ohùn tí a gbà sílẹ̀, a rí i pé ẹnì kan a máa wúkọ́ nígbà tí ó bá dárúkọ ìdáhùn tí í ṣe òtítọ́. A kò san owó náà fún un. Ilé ẹjọ́ dá òun, aya rẹ̀ àti ẹni tí ń wúkọ́ lẹ́bi ní ọdún 2003. Nígbà tí a ka èyí sí etí Ìyá Alátà, ó ní ní ọjà àwọn, ẹni tí ó bá wúkọ́ nígbà tí a ń ná ọjà, ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́.

Ìyípadà tí ó tẹ̀lé e ni ti agogo, a kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀, olùdíje lè jókòó kí ó ronú títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ni ó sì ń mú wa wò ó. Ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2008, a fi ìṣẹ́jú àáyá 15 sí ìbéèrè márùn-ún àkọ́kọ́, 30 sí márùn-ún tí ó tẹ̀lé e. Ní ọdún 2010, wọ́n tún da owó àwọn ìbéèrè mẹ́wàá àkọ́kọ́ pọ̀ mọ́ra, olùdíje kò sì mọ iye tí ọ̀kan jẹ́ àfi ìgbà tí ó bá dáhùn. Wọ́n gbé àga kúrò, wọ́n ní kí ó dúró. Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì náà ti dín ìbéèrè kù sí 12 ní ọdún 2007. Ní ọdún 2010 wọ́n fi agogo sí i, wọ́n sì yọ ìdíje ìka yíyá kúrò. Gbogbo èyí ni wọ́n ṣe kí ọ̀rọ̀ lè yára, nítorí wọ́n rò pé òǹwòran kò ní sùúrù mọ́. Òpin rẹ̀ ni pé ètò àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì dáwọ́ dúró ní ọdún 2014, àwọn ará Amẹ́ríkà sì kó ìdàrúdàpọ̀ tiwọn dànù ní ọdún 2015. Nígbà tí ti Gẹ̀ẹ́sì padà dé ní ọdún 2018 pẹ̀lú Jeremy Clarkson, ìbéèrè 15 padà, ìka yíyá padà, agogo kò sí mọ́. Ohun tuntun tí a fi kún un kò ju pé olùdíje lè bi atọ́kùn fúnra rẹ̀, ó sì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan ibi tí ibi ìsinmi kejì yóò wà.

Ní ọ̀dọ̀ wa, owó ni ó yí padà jùlọ. Mílíọ̀nù márùn-ún ti ọdún 2004 di mílíọ̀nù mẹ́wàá, Ọ̀gbẹ́ni Aroma Ufodike sì gbà á ní ọdún 2009. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà ọdún 2017 ni ètò náà dáwọ́ dúró. Nígbà tí ó tún bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2022, Ọ̀gbẹ́ni Edoho kan náà ni ó jókòó sórí àga, ẹ̀bùn sì ti di mílíọ̀nù ogún. Ìlọ́po mẹ́rin ni, bí a bá ń ka òǹkà lásán. Ṣùgbọ́n àwa tí a fi iṣẹ́ ìṣirò jẹun mú bírò, a sì ṣírò rẹ̀. Ní ọdún 2004, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí náírà 133, mílíọ̀nù márùn-ún sì lè ra nǹkan bí dọ́là 37,000. Ní ọdún 2009, mílíọ̀nù mẹ́wàá tó nǹkan bí 66,000. Ní òpin ọdún 2022, dọ́là kan ti kọjá náírà 700 ní ọjà àwọn onípààrọ̀, mílíọ̀nù ogún kò sì tó 29,000. Àkàsọ̀ náà ga sí i, ilẹ̀ tí a gbé e lé ni ó ń rì. Lẹ́yìn tí ìjọba sì jẹ́ kí náírà wá ipò ara rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ó tún rì ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun kan ṣoṣo wà tí kò yí padà láti ọdún 2004: èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń béèrè, òun ni a sì fi ń dáhùn. A kò kíyè sí i ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí èdè iṣẹ́ wa ni. Ìyá Alátà ni ó jẹ́ kí a mọ̀ ọ́n. Ní alẹ́ ọjọ́ kan a bi olùdíje léèrè ìlú tí ó wà ní etí odò Benue nínú mẹ́rin. Ọkùnrin náà wo òkè, ó wo ilẹ̀. Àwọn ọmọ yí ìbéèrè náà sí Yorùbá fún Ìyá Alátà ní ẹnu ọ̀nà, wọn kò tí ì parí rẹ̀ tí ó fi wí pé, “Makurdi ni. Ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ iṣu ń gbà kọjá.” Ọkùnrin inú tẹlifíṣọ̀n sì lo ìrànwọ́ méjì kí ó tó dé ibẹ̀. Gbogbo pálọ̀ pàtẹ́wọ́ fún un. Òun kò rẹ́rìn-ín, ó bi wá pé, “Bàbá Akọ̀wé, bí mo bá lọ, ṣé wọn á gbà kí n dáhùn bí mo ṣe dáhùn yìí?” A ní wọn kò ní gbà.

A ti wá mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ó rí níbi gbogbo. Ní Íńdíà, ìdíje kan náà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2000, Amitabh Bachchan, òṣèré sinimá tí gbogbo ilẹ̀ náà mọ̀, sì ni atọ́kùn. Èdè Hindi ni ó fi ń béèrè, àwọn mìíràn sì tún ṣe tiwọn ní èdè Tamil, Bengali àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 2011, Sushil Kumar, akọ̀wé kékeré tí ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ní Motihari ní ìpínlẹ̀ Bihar, gba mílíọ̀nù àádọ́ta rúpì níbẹ̀. Àwa tí í ṣe akọ̀wé ka ìròyìn yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ní ilẹ̀ tiwa, ọ̀gbẹ́ni kan, Ọlálékan Fabilọ́lá, ti dá ìdíje kan sílẹ̀ lórí YouTube ní èdè Yorùbá; Maṣòyìnbó ni orúkọ rẹ̀, orúkọ náà sì ni òfin rẹ̀. Kò sí iná búlúù ńláńlá níbẹ̀ bí ti tọ̀hún. Ẹni tí ó kàwé jù ni ó máa ń kọ́kọ́ ṣe àṣìṣe, nítorí Gẹ̀ẹ́sì a bọ́ sí i lẹ́nu kí ó tó mọ̀. A ti dán an wò ní ilé, a kò sì lè sọ fún yín iye ìgbà tí àwa fúnra wa kùnà.

Nígbà tí a tún rí Ọ̀gbẹ́ni Edoho lórí àga ní ọdún 2022, a ránṣẹ́ pe Ìyá Alátà. Ó ti dàgbà, ẹsẹ̀ a sì máa dùn ún, ṣùgbọ́n ó wá, àga sì ni ó jókòó sí ní àkókò yìí, nítorí ọmọ rẹ̀ ti fún un ní owó títà mìíràn, kò sì gbé ata mọ́; àlùbọ́sà ni ó ń tà. Ó wo iná náà, ó wo ilẹ̀ tí ń dán. Ó ní atọ́kùn náà kò dàgbà tó bí òun ti rò. Lẹ́yìn ìbéèrè kẹta ó bi ọmọ-ọmọ rẹ̀ pé, “Ṣé wọ́n ti ń fi Yorùbá bi wọ́n?” Ọmọ náà ní, “Rárá, Ìyá àgbà.” Ó ṣe díẹ̀, ó dìde, ó mú iná ìléwọ́ rẹ̀, ó ní kí a máa bá a wò ó, ọkọ̀ àlùbọ́sà yóò dé láìpẹ́.